Etí ló kọ́kọ́ ń dun bàbá mi, ẹnu wọn wá wọ́, ohùn tún lọ: ta ló ti rí irú èyí rí?

ỌmọÌpakòdò
Ọjọ́ Ajé, aago 10:40 alẹ́

Ẹ kú alẹ́ o, ẹ̀yin ará Ìkòròdú. Ẹ má bínú, ọ̀rọ̀ mi máa gùn díẹ̀.

Bàbá mi ni. Ẹni ọdún 71 ni wọ́n, àtọ̀gbẹ ti wà lára wọn láti bí ọdún 14. Nígbà tí wọ́n lágbára, iṣẹ́ yanrìn ni wọ́n ṣe ní Májídùn, wọ́n wà lára àwọn tó ń mú korobá rì wọ inú ọ̀sà láti bu yanrìn wá sókè. Etí wọn kì í gbẹ látìgbà náà. Tó bá ti ń yún wọn, igi ìṣáná ni tàbí ìyẹ́ adìẹ. Wọ́n á ro àdín sí i, ọ̀rọ̀ á tán.

Lẹ́yìn Iléyá ni etí ọ̀tún bẹ̀rẹ̀ sí í dùn wọ́n. Kì í ṣe bí etí ṣe máa ń dunni. Lọ́sàn-án ẹ̀ẹ́ bá wọn níbi tí wọ́n ti ń ta ayò. Tó bá di aago méjì òru, wọ́n á dìde jókòó, wọ́n á fi àtẹ́lẹwọ́ bo etí, wọ́n á máa mì síwá sẹ́yìn. Bàbá tí ọkọ̀ ojú omi fọ́ lẹ́sẹ̀ tí kò ké! A ra oògùn ríro sí etí ní kẹ́mísì. A lọ sí ọsibítù kan, wọ́n fún wọn ní oògùn apakòkòrò ọ̀sẹ̀ méjì, wọ́n tún gba abẹ́rẹ́. Ọyún tó ń jáde dínkù, ìrora kò dínkù.

Ní ọ̀sẹ̀ keje, ẹnu wọn wọ́ sí òsì. Ojú ọ̀tún kò pa dé mọ́, tí wọ́n bá sùn, funfun ẹyinjú ni ẹ̀ẹ́ máa rí. Gbogbo àdúgbò ní rọpárọsẹ̀ ni. Ibi tí a gbé wọn lọ fún wọn ní steroid, oògùn tó ń mú wíwú lọ sílẹ̀, fún ọjọ́ mẹ́wàá. Ṣúgà wọn gun 410.

Ní báyìí ohùn ti lọ, ó ha bíi ti ẹni tó fi gbogbo òru pariwo. Láàárọ̀ yìí mo gbé ife omi fún wọn. Wọ́n mu ẹnu kan péré, omi gba imú jáde, wọ́n wúkọ́ títí omijé fi dà lójú wọn. Lẹ́yìn náà wọ́n wá tẹjú mọ́ ife yẹn bí ẹni pé ife ló ṣẹ̀ wọ́n. Tí wọ́n bá yọ ahọ́n, ọ̀tún ló ń yà sí.

A ti ṣe CT scan, àwòrán inú orí. Wọ́n ní nǹkan ti ń jẹ egungun ìdí agbárí. Dókítà tuntun tó rí i ní ó lè jẹ́ fọ́ńgọ́ọ̀sì. Làpálàpá ni èmi mọ̀ sí fọ́ńgọ́ọ̀sì o. Báwo ni nǹkan bíi làpálàpá ṣe máa wọ agbárí èèyàn? Ẹni tó bá mọ̀ kó ràn mí lọ́wọ́.


ÌyáẸlẹ́ja
Ọjọ́ Ajé, aago 11:02 alẹ́

Ẹ pẹ̀lẹ́ o. Ọlọ́run á wò wọ́n sàn. Ẹ kú àìsùn.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fún wọn ní omi lásán mọ́ kí ẹnì kan tó mọṣẹ́ tó wò wọ́n. Bẹ́ẹ̀ ni omi ṣe gba ọ̀nà òdì lára àǹtí mi, ó lọ sí ẹ̀dọ̀fóró.


AlàgbàÌjẹ̀dẹ̀
Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, aago 5:51 àárọ̀

Ọmọ mi, ẹ kú ìtọ́jú bàbá. Àwa tí a ti pẹ́ láyé mọ̀ pé ẹnu kì í ṣàdédé wọ́. Ẹnu wọ́, ojú kò dé, ohùn lọ, lẹ́yìn ara wọn báyẹn? Wọ́n fi ránṣẹ́ sí i ni. Ẹ wá àgbà lọ kí ẹ tó ná owó tán ní ọsibítù. Àgbo wà fún etí pẹ̀lú.


NọọsiSábó
Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, aago 7:20 àárọ̀

Ẹ káàárọ̀, bàbá Ìjẹ̀dẹ̀. N kò ní bá yín jiyàn lórí ẹni tó ń ránṣẹ́. Àmọ́ lílọ lẹ́yìn ara wọn tí ẹ sọ yẹn gan-an ló fi ọ̀nà tí àìsàn náà gbà hàn. Kò fò kiri. Ilé ló ń yà sí, ọ̀kan tẹ̀ lé èkejì.

ỌmọÌpakòdò, ìbéèrè kan: tí ẹ bá ní kí bàbá gbé irun òkè ojú sókè bí ẹni tí ẹnu yà, ṣé iwájú orí wọn ní apá ọ̀tún ń wunjọ?


ỌmọÌpakòdò
Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, aago 7:48 àárọ̀

Ẹ káàárọ̀ mà. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ní kí wọ́n ṣe é. Apá òsì wunjọ bí aṣọ tí wọn ò lọ̀. Apá ọ̀tún tẹ́jú pẹrẹsẹ, ó ń dán.


NọọsiSábó
Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, aago 8:05 àárọ̀

Ohun tí mo fẹ́ mọ̀ nìyẹn. Nínú rọpárọsẹ̀ tó ti inú ọpọlọ wá, ẹnu á wọ́ ṣùgbọ́n iwájú orí sábà máa ń wunjọ síbẹ̀, torí apá méjèèjì ọpọlọ ló ń ràn án lọ́wọ́. Tí iwájú orí náà bá kú mọ́ ọn, okùn tó ń lọ sí ojú fúnra rẹ̀ ló ti bàjẹ́ lọ́nà, lẹ́yìn tó ti kúrò nínú ọpọlọ. Etí tó ti ń dùn fún ọ̀sẹ̀ méje ṣáájú sì ti sọ ibi tó ti bàjẹ́.

Ẹ jọ̀ọ́, ojú yẹn! Kó tó di alẹ́ òní, ẹ ra omi ojú àtọwọ́dá àti ìpara ojú, tí wọ́n bá fẹ́ sùn kí ẹ rọra pa ìpéǹpéjú dé, kí ẹ fi plásítà dì í. Ojú tó bá gbẹ á dá egbò, ó sì lè fọ́. Àwọn èèyàn máa ń dojú kọ agbárí, wọ́n á gbàgbé ojú.


Oníṣẹ́Etí
Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, aago 9:37 alẹ́

Ẹ kú alẹ́ o. Ẹ̀ka etí, imú àti ọ̀fun ni mo ti ń ṣiṣẹ́. N kò lè wo bàbá yín láti orí fóònù, dókítà tó wà lọ́dọ̀ wọn ló ni ọ̀rọ̀. Àmọ́ ẹ bi mí bí fọ́ńgọ́ọ̀sì ṣe ń wọ agbárí, mo lè dáhùn ìyẹn.

Fọ́ńgọ́ọ̀sì pọ̀ ju làpálàpá lọ. Ohun tó hù lára búrẹ́dì tó bu, fọ́ńgọ́ọ̀sì ni. Olu tí à ń sè, ará ilé wọn ni. Èyí tó sábà máa ń ṣe irú iṣẹ́ yìí láti inú etí ni wọ́n ń pè ní Aspergillus. Inú afẹ́fẹ́ ló wà, inú eruku àti ewé jíjẹrà. Èmi àti ẹ̀yin ń mí i símú lójoojúmọ́, ara wa ń pa á. Ara tí àtọ̀gbẹ ti bá jà fún ọdún 14 kò ráyè pa á bẹ́ẹ̀. Ṣúgà tó ga máa ń sọ àwọn sẹ́ẹ̀lì funfun inú ẹ̀jẹ̀ di ọ̀lẹ, ó ń dí àwọn iṣan ẹ̀jẹ̀ tín-tìn-tín, kódà epo-etí alátọ̀gbẹ kì í kan tó ti ẹlòmíràn, bẹ́ẹ̀ kíkan yẹn wà lára ohun tó ń lé kòkòrò. Lẹ́yìn náà ẹ fi igi ìṣáná họ ọ́. Ilẹ̀kùn ti ṣí.

Nísàlẹ̀ ihò etí, àwọn ìlà lílà kéékèèké wà nínú kèrékèré rẹ̀, ìyẹn egungun rírọ̀ ibẹ̀. Ibẹ̀ ni àìsàn ń gbà bọ́ sí abẹ́ agbárí. Ìdí agbárí yìí kò dí pa bí igbá. Bí asẹ́ ló rí. Ọpọlọ jókòó lé e, àwọn nááfù, ìyẹn okùn tó ń bá ọpọlọ jíṣẹ́, ń gba inú ihò rẹ̀ jáde lọ sí ojú, ahọ́n àti ọ̀fun. Méjìlá ni wọ́n ní apá kọ̀ọ̀kan, nọ́ńbà ni a sì fi ń pè wọ́n.

Ihò tó sún mọ́ etí jù ni ti nọ́ńbà 7, tó ń darí ojú. Òun ni àìsàn yìí sábà máa ń kọ́kọ́ kàn. Ẹnu bàbá wọ́. Tó bá rìn sí i, ó kan ihò ńlá tí iṣan ẹ̀jẹ̀ ọrùn ń gbà, níbi tí 9, 10 àti 11 ti ń jáde pọ̀. 9 àti 10 ló ni gbígbé nǹkan mì àti ohùn. Omi gba imú, ohùn ha. 11 ló ń gbé èjìká. Ẹ ní kí wọ́n sọ èjìká méjèèjì sókè, ẹ wò ó bóyá ọ̀tún ń lọ́ra. Ihò 12 kò jìnnà síbẹ̀, òun ló ni ahọ́n, ahọ́n sì máa ń yà sí apá tó ń ṣàìsàn. Bí ẹ bá gbọ́ pé bàbá ti ń rí ohun kan ní méjì, ẹ sáré. Ìyẹn túmọ̀ sí pé ó ti dé ọ̀dọ̀ nọ́ńbà 6 lókè.

Bí ó ṣe ń ba nááfù jẹ́? Ọ̀nà tóóró ni wọ́n ń gbà nínú egungun. Bí ibẹ̀ bá wú, kò sáyè, egungun kì í fẹ̀, nááfù ló ń jìyà. Aspergillus tún burú ní ti pé ó ń wọ inú iṣan ẹ̀jẹ̀, ó ń dí i. Ohun tí ẹ̀jẹ̀ kò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ á kú.

Kí n má gbàgbé: kòkòrò bakitéríà kan tó ń jẹ́ Pseudomonas ló ń fa púpọ̀ jù nínú irú àìsàn yìí, fọ́ńgọ́ọ̀sì kéré sí i. Nítorí náà dókítà tó kọ́kọ́ fún wọn ní oògùn apakòkòrò kò ṣìnà. Ìgbà tí oògùn tó yẹ kò bá ran ìrora òru yẹn ni ó yẹ kí èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í fura sí fọ́ńgọ́ọ̀sì. Ti steroid ni n kò fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí. Ó máa ń gbé ṣúgà sókè, ó sì ń sọ agbára ara di yẹpẹrẹ, oúnjẹ fọ́ńgọ́ọ̀sì nìyẹn.


ỌmọOníbàtà
Ọjọ́rú, aago 6:30 àárọ̀

> Òun ni àìsàn yìí sábà máa ń kọ́kọ́ kàn. Ẹnu bàbá wọ́.

Ọ̀gá, ẹ ṣé. Mo ti ka ìyẹn lẹ́ẹ̀mẹta. Ṣé èyí náà ni fọ́ńgọ́ọ̀sì dúdú tí wọ́n pariwo ní Íńdíà nígbà Kòrónà?


Oníṣẹ́Etí
Ọjọ́rú, aago 1:15 ọ̀sán

Rárá, ẹbí ni wọ́n, wọn kì í ṣe ọ̀kan náà. Mucor ni ti Íńdíà. Ní 2021 ó ju 40,000 èèyàn lọ tí wọ́n kà pé ó mú níbẹ̀, púpọ̀ nínú wọn alátọ̀gbẹ tí wọ́n ti lo steroid. Imú ló sábà máa ń gbà wọlé, ó ń lọ sí ojú, àwọn nááfù tó ń yí ẹyinjú ló ń bá jà. Ojú á wú, inú imú tàbí òkè ẹnu á dúdú. Ó lè pààyàn láàárín ọjọ́ díẹ̀. Ti etí yìí máa ń rọra rìn, ọ̀sẹ̀ dé oṣù. Rírọra rìn yẹn ló ń tan èèyàn jẹ.


ỌmọÌpakòdò
Ọjọ́ Ẹtì, aago 8:10 alẹ́

Ẹ ṣeun gbogbo yín. Èjìká ọ̀tún ń lọ́ra lóòótọ́.

Ọ̀rọ̀ kan ń bà mí nínú jẹ́. Lórí ìwé tí wọ́n fi gbé wa lọ sí ibòmíràn, wọ́n kọ "malignant otitis externa". Àbúrò mi obìnrin wá ìtumọ̀ "malignant", ó rí jẹjẹrẹ. Ilé ti dàrú. Ìyá wa kò jẹun láti àná.

Ìkejì: wọ́n ti gé ẹran díẹ̀ nínú etí lọ yẹ̀ wò ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Èsì ní kò sí ohun tó hù.


NọọsiSábó
Ọjọ́ Ẹtì, aago 8:26 alẹ́

Ẹ sáré sọ fún màmá pé kí wọ́n jẹun. Orúkọ àìsàn etí yìí lásán ni. Dókítà ará Amẹ́ríkà kan, Chandler, ló fún un lórúkọ yẹn ní 1968, torí bó ṣe ń jẹ nǹkan lọ bíi jẹjẹrẹ. Kì í ṣe jẹjẹrẹ. Lóòótọ́, jẹjẹrẹ ẹ̀yìn imú lè fi ara jọ ọ́, ìdí nìyí tí wọ́n fi ń gé ẹran yẹ̀ wò.

Ẹran yẹn ńkọ́? Inú ìgò wo ni wọ́n fi sí?


ỌmọÌpakòdò
Ọjọ́ Ẹtì, aago 8:40 alẹ́

Èmi ni mo gbé e. Ìgò kékeré kan, omi inú rẹ̀ ń ta imú bí oògùn tí wọ́n fi ń tọ́jú òkú.


NọọsiSábó
Ọjọ́ Ẹtì, aago 8:43 alẹ́

Háà. Formalin.


Oníṣẹ́Etí
Ọjọ́ Ẹtì, aago 10:20 alẹ́

Nọ́ọ̀sì, ẹ ṣeun. Ibi tí iná ti jó ilé nìyẹn.

Formalin ń pa gbogbo ohun tó wà nínú ẹran. Ó dára fún ẹni tó fẹ́ gé e pẹlẹbẹ wò lábẹ́ máíkírósíkóòpù. Ṣùgbọ́n ẹni tó fẹ́ kó hù kí ó lè mọ irú rẹ̀, kí ni yóò hù láti ara òkú? Ìgò méjì ni wọ́n máa ń lò: ọ̀kan formalin, èkejì omi iyọ̀ mímọ́ tí kò ní oògùn nínú. Òwú tí wọ́n kàn fi nu ẹnu etí kò tó pẹ̀lú, torí ohun tó wà lórí awọ lè má jẹ́ ohun tó wà nínú egungun. Ẹ bẹ àwọn tó ń tọ́jú wọn báyìí kí wọ́n tún un gé láti ibi jíjìn, kí wọ́n kọ ọ́ sórí ìwé pé fọ́ńgọ́ọ̀sì ni kí wọ́n wá. Ẹ fi ọwọ́ ara yín gbé e dé yàrá àyẹ̀wò. Ẹ má jẹ́ kó sun Mile 12 nínú gòsílóò.


ỌmọOníbàtà
Àbámẹ́ta, aago 7:00 àárọ̀

Ṣé wọn kò lè kàn ra fluconazole, oògùn fọ́ńgọ́ọ̀sì, nígbà tí wọ́n ń dúró? Ó wà ní gbogbo kẹ́mísì ní Sábó.


FámasíÒdógúnyàn
Àbámẹ́ta, aago 9:44 àárọ̀

Ẹ̀gbọ́n, ẹ má dá a láṣà. Fluconazole dára fún Candida, irú fọ́ńgọ́ọ̀sì mìíràn. Kò ran Aspergillus, kò ran Mucor. Owó á lọ, ọjọ́ á lọ.

Fún Aspergillus, voriconazole ni wọ́n sábà ń kọ. Mo fẹ́ kí ẹ mọ nǹkan wọ̀nyí bí wọ́n bá kọ ọ́ fún bàbá. Kì í bá oúnjẹ rìn: wákàtí kan ṣáájú oúnjẹ tàbí wákàtí kan lẹ́yìn rẹ̀. Wọ́n lè máa rí ìmọ́lẹ̀ tó ń kọ mànà lójú, kí ẹ̀rù má bà wọ́n, ṣùgbọ́n ẹ sọ fún dókítà. Oòrùn á máa jó awọ wọn, kí wọ́n dé fìlà. Wọ́n á máa yẹ ẹ̀dọ̀ wọn wò látinú ẹ̀jẹ̀. Ó tún ń bá oògùn mìíràn jà: bí bàbá bá ń lo glibenclamide fún ṣúgà, ó lè jẹ́ kí ó lágbára jù, ṣúgà á já wálẹ̀ lójijì, wọ́n á máa gbọ̀n, òógùn á bò wọ́n. Ẹ kó gbogbo oògùn tó wà nílé sínú ọ̀rá kan lọ bá dókítà, pẹ̀lú àgbo inú kẹ́ẹ̀gì.

Tó bá jẹ́ amphotericin, oògùn fọ́ńgọ́ọ̀sì mìíràn, ni, inú ọsibítù ni wọ́n á ti gbà á, díẹ̀díẹ̀ nínú dírípù. Dextrose 5%, ìyẹn omi ṣúgà, ni wọ́n fi ń pò ó, omi iyọ̀ máa ń jẹ́ kó dì. Ó máa ń yọ kíndìnrín lẹ́nu, ó ń fa potassium inú ẹ̀jẹ̀ wálẹ̀. Bí wọ́n bá ní kí ẹ san owó àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ lemọ́lemọ́, wọn kò fẹ́ jẹ yín ní gbèsè, iṣẹ́ ni wọ́n ń ṣe.

Ìtọ́jú yìí kì í tán ní ọ̀sẹ̀ méjì. Ó máa ń tó oṣù mélòó kan. Ìrora á lọ ṣáájú kí àìsàn tó tán, ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń dá oògùn dúró.


AlàgbàÌjẹ̀dẹ̀
Àbámẹ́ta, aago 4:12 ìrọ̀lẹ́

Mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yín láti ọjọ́ Ìṣẹ́gun, n kò fèsì. Mo fẹ́ béèrè nǹkan kan. Àdín ńkọ́? Ìyẹ́ adìẹ ńkọ́? Ìyẹ́ ni èmi ń lò láti kékeré. Mo ní ṣúgà díẹ̀ pẹ̀lú.


NọọsiSábó
Àbámẹ́ta, aago 4:50 ìrọ̀lẹ́

Bàbá, ẹ kú ìrọ̀lẹ́. Ẹ sọ ìyẹ́ náà nù, ẹ jọ̀ọ́. Etí ń fọ ara rẹ̀, epo rẹ̀ ń rìn bọ̀ wá sí ẹnu ọ̀nà fúnra rẹ̀, ibẹ̀ ni kí ẹ ti nù ún. Àdín ń jẹ́ kí ibẹ̀ máa tutù, bẹ́ẹ̀ ibi tó tutù ni fọ́ńgọ́ọ̀sì ń fẹ́. Kí ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi síríǹjì tú omi ẹ̀rọ sí i láìsọ fún un pé ẹ ní ṣúgà. Ṣé etí ń dùn yín lóru?


AlàgbàÌjẹ̀dẹ̀
Àbámẹ́ta, aago 5:03 ìrọ̀lẹ́

Kò dùn. Ó ń yún ni.


ỌmọÌpakòdò
Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà lẹ́yìn náà, Ọjọ́ Àìkú, aago 9:30 alẹ́

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ má bínú pé mo dákẹ́. Ìgò méjì ni mo gbé nígbà kejì, mo fi ọ̀rá wé wọn sínú àpò àyà mi. Mo wọ ọkọ̀ ojú omi láti Ìpakòdò kí gòsílóò má baà mú mi. Ó hù. Aspergillus ni.

Voriconazole ni wọ́n ń lò. Owó tí mo ti ń kó jọ láti fi ra kẹ̀kẹ́ Màrúwà ti bá a lọ, n kò kábàámọ̀. Insulin ni wọ́n fi ń mú ṣúgà báyìí, ó ti ń wà láàárín 130 sí 180. Ní ọjọ́ kejìlá bàbá sùn mọ́jú. Ìyá wa rò pé wọ́n ti kú, ó lọ fi ọwọ́ sí wọn nímú.

Wọ́n fi rọ́bà sí wọn nímú fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, oúnjẹ ń gba ibẹ̀ wọlé. Lẹ́yìn náà ẹnì kan wá kọ́ wọn bí wọn ó ṣe máa gbé nǹkan mì: kí wọ́n jókòó ṣánṣán, kí wọ́n yí orí sí ọ̀tún, apá tí kò ṣiṣẹ́, kí oúnjẹ lè gba apá òsì tó sàn. Ògì tó ki ni wọ́n kọ́kọ́ jẹ. Ṣíbí márùn-ún. A ń kà á bí ẹni tó ń ka owó. Omi lásán kò tíì ṣeé ṣe.

Ohùn ti ń bọ̀, bíi rédíò tí bátìrì rẹ̀ ti fẹ́ tán. Ẹnu ṣì wọ́, iwájú orí ṣì tẹ́jú. Dókítà ní nọ́ńbà 7 lè má padà tán. A ṣì ń fi plásítà di ojú lálẹ́, èmi ni mo ń dì í, wọn kò jẹ́ kí ẹlòmíràn ṣe é. Wọ́n ní á ṣì lo oògùn fún oṣù mélòó kan sí i, wọ́n á tún ya agbárí wò.


FámasíÒdógúnyàn
Ọjọ́ Àìkú, aago 9:52 alẹ́

Ẹ kú ìnáwó, ẹ kú ìrọ́jú. Ẹ má dá oògùn dúró o, mo bẹ̀ yín.


AlàgbàÌjẹ̀dẹ̀
Ọjọ́ Ajé, aago 6:15 àárọ̀

Ọmọ mi, inú mi dùn. Mo lọ fi etí han àwọn dókítà ní ọ̀sẹ̀ kejì oṣù tó kọjá. Epo-etí ló dì síbẹ̀, wọ́n rọra yọ ọ́. Nọ́ọ̀sì náà bi mí bóyá mo ń fi nǹkan họ ọ́. Mo ní rárá.


ỌmọÌpakòdò
Ọjọ́ Ajé, aago 7:02 àárọ̀

Mo ka ti bàbá Ìjẹ̀dẹ̀ fún bàbá mi. Wọ́n fi apá ẹnu kan rẹ́rìn-ín, ó pẹ́ kí ohùn tó jáde. Wọ́n ní kí n béèrè lọ́wọ́ yín, ìyẹ́ adìẹ tàbí ti pẹ́pẹ́yẹ?